Ta ni mo ń tọ́jú ẹja dè?

Ẹ gbà mí o, wọ́n bá mi wí nílé oúnjẹ lónìí bí ọmọ kékeré.

Ó ti rẹ̀ mí tẹ́lẹ̀. Ibi iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀ ní Scarborough, níbí ní Toronto. Ṣùgbọ́n Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ mi ní dandan, òun máa fi sushi, oúnjẹ àwọn ará Japan, ṣe ọjọ́ ìbí mi. Omakase ni wọ́n ń pe irú èyí: ohun tó bá wu alásè ló máa gbé síwájú ẹ, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ariwo ńlá, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, oorun ń kùn mí níbi tí mo jókòó sí níwájú alásè.

Alásè gbé ẹyọ ìrẹsì kékeré kan tó fi ẹja tútù lé lórí fún mi. Mo ṣí ẹja kúrò, mo jẹ ìrẹsì, mo fi ẹja sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Mo ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀. Mo ṣe ìkẹta bẹ́ẹ̀.

Ó dáwọ́ dúró. "Màdáámù, ṣé ẹja mi ò dáa ni?"

Mo ní, "Ó dáa. Ìdí tí mo fi ń tọ́jú ẹ̀ dìgbẹ̀yìn nìyẹn."

Bùkọ́lá fọwọ́ bojú. "Ṣadé, àtìrẹsì àtẹja, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń jẹ ẹ́! Ta lo ń tọ́jú ẹja dè?"

Nílé wa, ọ̀kánjúwà ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹja. Èmi sì ni àkọ́bí: tí mo bá jẹ ìrẹsì tán, àwọn àbúrò mi á ti máa wo ọwọ́ mi, kí n bu ẹja fún wọn.

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń dá jẹun ní Toronto. Ọwọ́ mi ò tíì gbọ́ pé kò sí àbúrò kankan nídìí àwo mi mọ́.

Ẹ̀yin àkọ́bí, ṣé èmi nìkan ni?