Abẹ́rẹ́ Ẹ̀jẹ̀ Ẹṣin

Ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun ló fi fóònù ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti rá àrùn mú. Ó ní àwọn ti ń fọwọ́ ara àwọn ṣe irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ báyìí, àti pé èyí tí òun ń bá wọn ṣe ní ọwọ́ méjì tí kò jọra. Ọwọ́ kan á di jẹjẹrẹ mú, ọwọ́ kejì á di ọmọ ogun inú ara aláìsàn fúnra rẹ̀ mú, á wá fà wọ́n pọ̀ kí ọmọ ogun náà lè pa jẹjẹrẹ. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Mo bi í bóyá ọwọ́ náà kì í ṣìnà, kó lọ di ẹni tí kò ṣẹ̀ mú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí àwọn ń bẹ̀rù jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ẹ̀rín yẹn bí mi nínú. Kò mọ̀ pé mo ti bá bàbá àgbà ohun tó ń ṣe pàdé kí n tó bí òun, nígbà tó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti ń wá a, tí kò sì ní ju ọwọ́ kan lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ni wọ́n fẹ́ dáná sun ènìyàn lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, dáódù ilé wa, jẹ ayé epo dáadáa. Ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń la títì ló bá ṣiṣẹ́ ní Èkó. Bó bá ń bọ̀ wálé fún Kérésì, gbogbo abúlé ló máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ Pijó rẹ̀ kó tó yọ. Nígbà tí náírà ṣubú, àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn lọ, ẹ̀gbọ́n mi ta Pijó, ó sì padà sí abúlé wa tó wà lẹ́yìn ìlú Bàbáńlá. Rédíò kan ló kù sí i lọ́wọ́, àti ìbínú tí kò rí ibi gbé e kà.

Orí Bàbá Kékeré ló rí gbé e kà. Àbúrò bàbá wa ni Bàbá Kékeré, òun ló sì ń dáko lórí ilẹ̀ bàbá wa láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, kí igbó má baà gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó kúrò níbẹ̀. Àgbàlagbà náà ní òun á fi ìdajì sílẹ̀, kí iṣu òun tó wà nínú ilẹ̀ ṣì ta ná. Wọ́n jà níbi ààlà. Ẹ̀gbọ́n mi já ọkọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sẹ́ ẹrú ọkọ́ náà mọ́ orúnkún. Bàbá Kékeré gbá a létí, ó ní, "Ilẹ̀ yìí á bá ọ sọ̀rọ̀." Gbogbo ẹni tó wà lóko lọ́jọ́ náà ló gbọ́ ọ, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ gbọ́ ọ ju àwọn tó wà níbẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sí i ni ejò bu ẹ̀gbọ́n mi jẹ. Àwa olùkọ́ wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì nígbà náà, mo sì ti Ọ̀mù-Àrán wá sí abúlé lọ́dọ̀ ìyá wa. Ọ̀sán gangan ni. Ibi tó ti ń kó ìtàkùn iṣu tó ti gbẹ jọ ni nǹkan ti bù ú jẹ lókè ọrùn ẹsẹ̀. Ó pariwo, àwọn alágbàṣe méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé e, wọ́n sáré bọ̀ wálé. Ejò náà wọ abẹ́ ìtàkùn lọ, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó rí i dáadáa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú agboolé wa lẹ́yìn èyí, mi ò lè rántí rẹ̀ kí ara mi má bù máṣọ. Gbogbo ènìyàn ló ní oògùn, kò sì sẹ́ni tó dúró de ẹnìkejì. Ẹnìkan fi okùn ọ̀rá di itan rẹ̀, ẹlòmíràn tún di abẹ́ orúnkún. Ẹnìkan mú abẹ, ó sín in ní gbẹ́rẹ́ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ojúgun, ó ń fi ẹ̀tù dúdú ra á wọnú ẹran. Ọkùnrin mẹ́ta jókòó lé e lórí kó má baà jà. Ìyá wa, ìyá ìjọ tí kì í jẹ́ kí ògógóró wọ ilé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń dà á sí i lẹ́nu pé yóò fọ oró kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹní. Ẹsẹ̀ náà wú títí awọ rẹ̀ ń dán. Mo já abẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó mú un, ó là mí lọ́wọ́, mo ta igbá ẹ̀tù ní ìpá. Ìyá mi gbá mi létí, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí ọmọ òun kú ni.

Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe sọ pé bí àwọn ṣe ń gbé e bọ̀, òun wẹ̀yìn, òun sì rí Bàbá Kékeré níbi ààlà. Ó ní ó mú àdá tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ń yára rìn. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ògógóró ti ń pa, gbé orí sókè. "Òun ni," ó wí. "Òun ló rán an sí mi." Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn lábúlé wa ni pé bí wọ́n bá rán ejò sí ènìyàn, àfi kí ejò náà àti ẹni tó rán an wà nínú iná kan náà kí oró tó sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin agboolé, ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá wa gbogbo, mú igi, wọ́n mú ẹrú ọkọ́, wọ́n lọ. Àwọn tí ì bá bá wa gbé aláìsàn sínú ọkọ̀ ni wọ́n lọ yẹn.

Èmi àti ìyá mi àti awakọ̀ akẹ́rù kan la gbé e. Ọ̀nà wa nígbà yẹn kì í ṣe ọ̀nà. Ó ń bì, ó ń ké, ó sì ń ṣépè fún Bàbá Kékeré títí a fi dé ilé ìwòsàn ìjọ kan ní Ọ̀mù-Àrán.

Dókítà tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Èkìtì, kúkúrú, tí kì í gbé ohùn sókè. Ó tú àwọn okùn náà díẹ̀díẹ̀, ó bi wá irú ejò tó jẹ́. A ní a kò mọ̀. Ó ṣí fíríìjì tó ń fi kẹrosíìnì ṣiṣẹ́, ó fi ìgò kéékèèké hàn mí: àwọn kan ní ìdérí pupa, àwọn yòókù ní ìdérí aláwọ̀ ewé. Ó ní wọ́n máa ń fún ẹṣin ní oró ejò díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà á fi kọ́ bí a ṣe ń dì í mú, ohun tó sì ń di oró mú nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn ló wà nínú ìgò. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó kọ́ paramọ́lẹ̀, ìyẹn ti ìdérí pupa, kò mọ sèbé rí, èyí tó kọ́ sèbé, ìyẹn ti aláwọ̀ ewé, kò mọ paramọ́lẹ̀. Èyí tó mọ méjèèjì wà láyé, ó ní, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ òun gbẹ̀yìn, láti ìgbà tí náírà ti bàjẹ́.

Mo ní kó fún un ní méjèèjì.

"Ara rẹ̀ kò ní gba méjèèjì," ó wí. "Bí mo bá kọ́kọ́ fún un ní èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹṣin nìkan tó láti pa á."

Ó ní ìwòsàn ìbílẹ̀ wa ti da ojú àmì rú mọ́ òun lójú. Sèbé ìhà ibí máa ń mú ẹsẹ̀ wú, paramọ́lẹ̀ náà máa ń mú un wú, okùn sì máa ń mú un wú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, bóyá oró ló fà á, bóyá abẹ wa ni. Ojú tó ń pa dé, bóyá oró ni, bóyá ògógóró ni. Ó gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e kalẹ̀ kó wò ó bóyá á dì. Ó dì díẹ̀, kò dì tán. Ó ní bí òun kò bá rí ejò, òun á mú ìdérí pupa, nítorí oró paramọ́lẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, òun á sì máa bẹ Ọlọ́run. Ó ní òun á dúró díẹ̀ ná, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ alágbàṣe náà ti padà sí mi lórí. Àdá tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kí ni? Bàbá Kékeré ti pa nǹkan kan, òun sì ni wọ́n lọ pa.

Awakọ̀ ní òun kò padà sí abúlé yẹn mọ́. Mo sọ fún un ohun tí mo máa ṣe fún gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òkúta. Ó padà.

Ìta abúlé la ti bá wọn, níbi tí ọ̀nà ti yà sí Orò-Àgọ́. Wọ́n ti fi táyà sí Bàbá Kékeré lọ́rùn. Ó dojú bolẹ̀, ó fi àyà tẹ àpò rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń lù ú kó lè fi í sílẹ̀. Wọ́n ti tú àpò náà wò. Wọ́n rí ejò níbẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá? Ẹlẹ́rìí ti dé nìyẹn lójú tiwọn. Ohun tó jẹ́ kí wọn má tíì dáná ni pé wọn kò rí epo. Nílẹ̀ tí epo ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, tí gbogbo wa ti fi epo ṣe fàájì, wọn kò rí epo bẹntiróòlù tó kún ife. Ẹnìkan ti lọ fi rọ́bà fa díẹ̀ nínú alùpùpù ẹlòmíràn.

Mo ní kí awakọ̀ tẹ fèrè kó sì wa ọkọ̀ wọ àárín wọn, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tú ká. Mo mú irin tí wọ́n fi ń tú táyà, mo bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ àgbàlagbà náà, mo gbá a ní irin lé èjìká, mo gbọ́ bí eegun rẹ̀ ṣe ró. Ẹlòmíràn gbá mi lẹ́nu, eyín mi kan mì. Mo bú wọn, mo bú baba ńlá tó bí wọn, ẹ̀yìn náà ni mo rántí pé òun kan náà ló bí èmi náà. Mo kígbe fún wọn pé dókítà ní bí òun kò bá rí ejò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi á kú, àwọn ni wọ́n sì pa á. Wọ́n ju igi ọwọ́ wọn sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n lù ú gan-an ló bá wa gbé e sínú ọkọ̀.

Ojú Bàbá Kékeré kan ti fọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi lọ́nà, ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun gbọ́ igbe, òun sáré kọjá ààlà, àmọ́ wọ́n ti ń gbé e lọ. Òun tú ìtàkùn náà títí òun fi rí ejò, òun pa á, nítorí a kì í gbé ẹni tí ejò bù jẹ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kí a má gbé ejò rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó ní òun ń bọ̀ wálé ni wọ́n pàdé òun. Ó wá ní kí n má jókòó lé orí ejò náà, kó má baà fọ́.

Dókítà da àpò náà sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Àwọn nọ́ọ̀sì sá. Ó fi igi yí ọrùn ejò náà padà: ọrùn dúdú, pẹ̀lú àmì pupa lábẹ́ rẹ̀. Sèbé ni. Ìdérí pupa ti wà lórí tábìlì, ó ti ṣí i. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú aláwọ̀ ewé.

Abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ohun ìrọ̀rùn. Kò pẹ́ tó wọ ara ẹ̀gbọ́n mi ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, awọ rẹ̀ yọ kókó pupa, ètè rẹ̀ wú, mímí rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn. Dókítà ní ara rẹ̀ ń bá ẹṣin jà ni. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn kí ìjà náà lè rọ̀. Èmi àti ìyá mi dì í mú mọ́ bẹ́ẹ̀dì títí apá wa fi kú. Nígbà tí oòrùn máa fi wọ̀, ó ti dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dáwọ́ wíwú dúró.

Bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé tirẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Bàbá Kékeré sí. Wọ́n ti di gbogbo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ti le bí pákó. Dókítà ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú, àti pé kò sí ìgò kankan nínú fíríìjì òun fún èyí tí àwọn ènìyàn wa ṣe fún un. Mo sunkún níbẹ̀, mo sì fi orí gbá ògiri.

Ní òwúrọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lajú. Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò bèèrè omi.

"Ṣé wọ́n ti rí i mú?" ó wí.

Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ló dáhùn láti abẹ́ aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀.

"Wọ́n ti mú mi, ọmọ mi. Ìwọ sáà sùn."

Ẹ̀gbọ́n mi mọ ohùn náà. Ó yí ojú sí mi, mo mi orí fún un pé òun ni. Lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ojú lílà, ó ń gbọ́ bí Bàbá Kékeré ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí mímí náà fi dúró.