Ohùn Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́

Lọ́dún tí wọ́n kó abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV dé, ọ̀mọ̀wé ńlá ni mí. Mo wà lọ́dún kejì nílé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìkòròdú, èmi àti àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta mìíràn jọ háyà yàrá kan ní Ìgbògbò. Kí ni HPV? A ò mọ̀. Kí ló ń ṣe fún èèyàn? A ò mọ̀. Ṣùgbọ́n a mọ̀ dájúdájú pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Orí Wásáàpù la ti rí i, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ṣé irọ́ á wá máa wọ lẹ́tà gàdàgbà kiri ni?

Màmá mi ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, àbúrò mi obìnrin sì wà lọ́dọ̀ wọn. Màmá mi ò kàwé, ni èmi ọmọ dáadáa bá ká ohùn mi sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí wọn: "Ẹ̀yin ìyá, abẹ́rẹ́ àìrọ́mọbí ni o! Ẹ gba àwọn ọmọ yín sílẹ̀!" Mo ki gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́ láàárín kó lè dún. Ó dún lóòótọ́, ó dún dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀sì kan wá bá wa sọ̀rọ̀ ní kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní kòkòrò àrùn tí à ń kó nínú ìbálòpọ̀ ni HPV, ó lè sùn sára obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdùn ún, kó tó di jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa dà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe dà lára àbúrò ìyá mi títí wọ́n fi kú, tí gbogbo ilé pe orogún wọn ní àjẹ́. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ yìí kì í dí ilé ọmọ ẹnikẹ́ni, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọmọbìnrin tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí kò sì tíì pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni àbúrò mi máa pé e. Mo wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́.

Màmá mi ní ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára àwọn, àwọn ìyá tí wọ́n jọ ń ṣe àdúrà àsàlátù ti fẹnu kò pé ọmọ kankan ò ní gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo bá wọn lọ sí àsàlátù, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé títí. Ìyá Àdínì, olórí wọn, rẹ́rìn-ín sí mi.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n dókítà obìnrin kan ní Ìkòròdú ti là wá lóye."

Wọ́n tẹ fóònù wọn. Ohùn mi bú jáde, tòun ti gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, èmi ni mo sọ̀rọ̀ yẹn."

"Ìwọ kẹ̀? Dókítà lẹni yẹn!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde. Màmá mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ohùn ọmọ wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, màmá mi fúnra wọn fa àbúrò mi lọ́wọ́ lọ gba abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọbìnrin yòókù tó bá ìyá wọn wá sí àsàlátù ò lọ. Dókítà wọn ti ní kí wọ́n má lọ.