Ọjọ́ Tí Mo Tú Ọ́ìlì Gíà Mọ́tò Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ bí, kí oníkálukú wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jókòó sí. Ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó dojú rẹ̀ délẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, àmọ́ ó ti wà nínú mi kí a tó bí ẹni tó dàgbà jù nínú yín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Fìdítì, tí mo tó bí ọmọ ọdún méjìlá, bàbá mi ni olùkọ́ àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Wọ́n ní mọ́tò kan, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rogodo, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ibi tí mọ́tò mìíràn ń kó ẹrù sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí mọ́tò bí ẹni ń rí ewúrẹ́, ó lè má yé yín. Nígbà náà, ká tó rí mọ́tò mẹ́ta tí kì í ṣe ti èrò ládùúgbò wa, ẹsẹ̀ á ti ro wá.

Bàbá mi kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì nítorí ọ́ìlì. Wọ́n ní ẹni tó bá lè fọ eyín ara rẹ̀ kì í bẹ ará àdúgbò pé kó wá bá òun fọ̀ ọ́. Bí Sátidé ọ́ìlì bá pé, wọ́n á kọ́kọ́ wa mọ́tò náà lọ, wọ́n á wà á padà bọ̀, kí ọ́ìlì inú rẹ̀ lè gbóná, kó lè ṣàn. Wọ́n á wa ẹ̀yìn rẹ̀ gun orí igi pẹlẹbẹ méjì, wọ́n á fi òkúta dá táyà dúró, wọ́n á tẹ́ àpò kòkó sábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá wọn wọ abẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin kò fẹ́ kí ọ́ìlì kàn án lára rárá. Èmi ní tèmi, ara mi kì í balẹ̀ tí Sátidé bẹ́ẹ̀ bá ti ń bọ̀. Mo mọ ihò ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, mo mọ ti gíà. Ti ẹ́ńjìnnì máa ń tètè dúdú, a sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ti gíà nípọn, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́, ó sì máa ń pẹ́ gan-an ká tó pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá mi á fi ìka méjì ra ọ́ìlì tó jáde, wọ́n á ní kí èmi náà rà á.

"Kí ni ìka rẹ sọ fún ọ?"

Màá ní, "Ó ti ṣàn jù, bàbá. Kò lágbára mọ́."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Mẹkáníìkì mi!" Ẹ gbọ́, wọ́n ti fi orúkọ púpọ̀ pè mí láyé yìí. Kò sí èyí tó dùn tó ìyẹn.

Ọ́ìlì tó bá ti gbó kì í ṣòfò ládùúgbò wa. Àwọn èèyàn ti tò fún un. Káfíńtà á gbà á lónìí láti fi kun igi òrùlé kí ikán má baà jẹ ẹ́, ẹlòmíràn á gbà á nígbà mìíràn fún òpó àká àgbàdo rẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́yìn ògiri wa, wọn ò lọ́kọ mọ́, wọn ò lọ́mọ nítòsí, ikán sì ń jẹ ilẹ̀kùn wọn lójú ayé. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé, "Ìyá, tiyín ló kàn." Irọ́ ni. Ti káfíńtà ló kàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ díẹ̀ ná. Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, ọmọ ìyá wọn. Bàbá Àgbà là ń pè wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ń gbé ní abúlé oko kan lẹ́yìn Ìlọra. Ó ti di ọdún kẹrin nígbà náà tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó fà á nìyí. Lọ́jọ́ tí a ń sìnkú ìyá wọn ní Ìwàré, Bàbá Àgbà ń dúró létí títì kí àbúrò wọn wá gbé wọn. Àwọn ará ìjọ ti kún inú mọ́tò bàbá mi. Bàbá mi juwọ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn pé mò ń padà bọ̀, wọ́n sì kọjá. Kí bàbá mi tó padà lọ gbé wọn, òjò ti ṣú, àwọn tó wà nídìí ibojì sì ti sáré da iyẹ̀pẹ̀ bo pósí. Àkọ́bí ọmọ kò bu yẹ̀pẹ̀ sí ibojì ìyá rẹ̀! Gbogbo ẹni tó bá wá bẹ Bàbá Àgbà, èsì kan náà ló ń gbọ́: "Àbúrò mi fi mọ́tò kọjá lára mi."

Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀ kan, obìnrin kan tó ń bọ̀ láti Ìlọra jíṣẹ́ fún bàbá mi. Ó ní ara Bàbá Àgbà kò yá, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Ó ní báyìí ni wọ́n wí: "Ẹ sọ fún un kó wá lọ́la. Kó fi mọ́tò yẹn gbé mi dé ibojì ìyá wa. Kó tètè dé kí oòrùn tó mú, nítorí tí oòrùn bá ti mú, n kò lè jókòó pẹ́."

Bàbá mi sọ ọ́ tún fún ìyá mi bí ìgbà mẹ́ta, bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí a fi wọ abẹ́ mọ́tò. Inú bí ìyá mi. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ọ́ìlì ló kàn lónìí?" Bàbá mi ní kò ní pẹ́; ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, wọn ò sì fẹ́ kí mọ́tò dójú ti àwọn níwájú ẹ̀gbọ́n àwọn. A tú ti ẹ́ńjìnnì. Bó ṣe ń kán lọ́wọ́, alàgbà ìjọ kan dé láti gbàdúrà ìrìn àjò fún wọn. Bàbá mi nu ọwọ́, wọ́n ní, "Jẹ́ kó kán tán. Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn." Wọ́n wọlé.

Mo dá nìkan wà lábẹ́ mọ́tò. Mo ń gbọ́ ìgbálẹ̀ ìyá arúgbó lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń gbá erùpẹ̀ ikán. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń kán yìí, ti káfíńtà ni. Mo wá ro èrò ọmọdé. Agolo ọ́ìlì gíà kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi. Bí mo bá tú ti gíà, bàbá mi á rọ tuntun sí i, ìyá arúgbó náà á rí tiwọn gbà. Mo ki irin gígùn bọ sípánà bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó tú. Mo gbà á sínú garawa, mo dí ihò náà pa, mo na garawa sí wọn lórí ògiri. Àdúrà tí wọ́n gbà fún mi kì í ṣe kékeré.

Mo wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ gbé agolo. Ó fúyẹ́. Mo mì í, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo sáré padà sí ìdí ògiri. Ìyá arúgbó ti da gbogbo rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ti mu ún.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pariwo. Àmọ́ bàbá mi ti ń jáde bọ̀ tàwọn ti alàgbà, wọ́n ń nawọ́ sí mi: "Alàgbà, ẹ wá wo mẹkáníìkì mi!" Alàgbà ní, "Ọmọbìnrin yìí ju ọkùnrin méjì lọ." Bàbá mi fi àrọ rọ ọ́ìlì tuntun sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n wò ó, ó pé. Wọ́n bi mí, "Ó ku nǹkan kan?"

Mo ní, "Rárá, bàbá."

Èmi àti bàbá mi la jọ lọ. Wọ́n wọ agbádá, inú wọn ń dùn. "Tí a bá débẹ̀," wọ́n ní, "ìwọ á bọ́ sẹ́yìn. Ibi tó o jókòó sí yẹn, tẹ̀gbọ́n mi ni." A kọjá Akínmọ̀ọ́rìn. Láti Ìlọra ni mo ti ń gbọ́ ọ lábẹ́ wa, ohùn kan tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn. Nígbà tí a yà sí ọ̀nà oko, ó di igbe. Bàbá mi fa ọ̀pá gíà, kò gbọ́. Mọ́tò ké gbàràgàdà lẹ́ẹ̀kan, ó dúró gbọn-in. Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ológeere kò kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni. Bàbá mi ká agbádá lé èjìká, a fi ẹsẹ̀ rìn ín. Oòrùn ti mú kí a tó dé.

Ọmọ Bàbá Àgbà ọkùnrin ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ ni bàbá òun ti wẹ̀, tí wọ́n ti wọṣọ, tí wọ́n ti jókòó síta. Ìsinsìnyí ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn wọlé. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ilé.

Bàbá Àgbà ní, "Mọ́tò dà?"

"Ó dákú sọ́nà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Lónìí?" Wọ́n yí ojú sí ọmọ wọn. "Ẹ gbọ́ o. Mọ́tò tó ń gbé ará ìjọ kiri, kò dákú rí. Èmi ló máa gbé, ló bá dákú." Ọmọ wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn.

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bi ọmọ yìí léèrè."

Bàbá Àgbà wá wò mí. Ojú wọn ti rọ̀. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ gbàgbọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ṣe mọ́tò bàbá rẹ?"

Gbólóhùn kan péré ló kù, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí n ṣáà sọ pé èmi ni mo tú ọ́ìlì rẹ̀, bàbá mi kò mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n lè nà mí. Wọ́n lè má pè mí ní mẹkáníìkì mọ́. Ìyẹn náà ni.

Mo ní, "N kò mọ̀, sà."

Bàbá Àgbà kọjú sí ògiri. "Ẹ ti gbọ́," wọ́n ní. "Ọmọ rẹ̀ pàápàá kò lè bá a purọ́."

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n kú, wọn kò bá bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mẹkáníìkì tó tú gíà náà fi ìka wo inú rẹ̀. Ó ní, "Olùkọ́, kò sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan níbí. Kò sì sí ibi tó ń jò." Bàbá mi wò mí. Wọn kò bi mí léèrè, títí wọ́n fi kú, wọn kò bi mí. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Tí mo bá sún mọ́ mọ́tò, wọ́n á ní, "Lọ ran ìyá rẹ lọ́wọ́." Mo fẹ́ kí wọ́n nà mí. Wọn kò nà mí.

Ayé ti yí. Ẹ̀yin á gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ó jókòó sábẹ́ igi, ẹ ó máa tẹ fóònù. Tó bá dákú sọ́nà, ẹ ó pe ẹni tó ń dúró dè yín, ẹ ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i kó lè gbàgbọ́. Bàbá mi kò ní fọ́tò. Èmi ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí wọ́n ní.

Nígbà tí a sin bàbá mi, ọdún ti gorí ọdún. Ọmọ Bàbá Àgbà, ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, òun ni ipò olórí ẹbí kàn. Ó ti jogún oko bàbá rẹ̀ tipẹ́, ó sì jogún ìbínú náà mọ́ ọn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí garawa dé orí "n kò mọ̀".

Ó ní, "Àbúrò mi, ta ni kí n wá lọ sọ ọ́ fún báyìí?"

Ó gbé mi dìde, ó lọ jókòó sórí àga olórí ẹbí. Wọ́n fún àbúrò mi ọkùnrin ní ilé Fìdítì. Àwọn ìwé bàbá mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n bi mí léèrè ohun tí èmi fẹ́ mú. Mo ní kí wọ́n pín ìpín tèmi fún àwọn tó kù.