Ewé Ìrù Méjì Ọkọ̀ Òfurufú Bàbá Mi

Bàbá mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú ilé. Ó ti tó ọdún méjì tí ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n, ìgbọ̀n kékeré tó máa ń pọ̀ sí i bí ó bá ṣe ń gbìyànjú láti mú un dúró. Tẹ̀súbáà ló fi ń bò ó. Bí àlejò bá wọlé, á ti gbé e sọ́wọ́, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé orúkọ Ọlọ́run ló ń kà. Èmi mọ̀. Èmi ni mo ń ṣa ìrẹsì tó bá dà sílẹ̀ nígbà tó bá jẹun tán, a kò sì jọ sọ ọ́ rí.

Télọ̀ ni mí, iwájú ilé wa ní Àgbádárìgì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bàbá mi fi ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe fún àwọn apẹja kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí ìyá mi kú ló bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ òfurufú kékeré, irú èyí tí ènìyàn máa dúró sílẹ̀ tí á máa fi rìmóòtù darí. Mo bínú sí i nígbà náà. Mo ní àgbàlagbà wo ló ń fi nǹkan ìṣeré ọmọdé ṣọ̀fọ̀ ìyàwó? Mo sọ ọ́ sí i létí, torí bí ẹnu mi ṣe rí nìyẹn. Ó kàn ní kí n wá bá òun fi áyọ́ọ̀nù lẹ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mọ́ ìyẹ́ rẹ̀, pé ọwọ́ télọ̀ nìkan ló lè lẹ̀ ẹ́ tí kò ní hunjọ. Mo lẹ̀ ẹ́ tìbínútìbínú. Nígbà tí mo wá rí i tó gbéra lórí iyanrìn òdìkejì ọ̀sà, tó ń fò lókè òkun, mo sunkún, mo sì pa ẹnu mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí ló tóbi jù nínú gbogbo èyí tó kàn. Bí mo bá na apá mi méjèèjì, ìyẹ́ rẹ̀ ṣì gùn jù wọ́n lọ. Ewé méjì wà nídìí ìrù rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí ewé méjèèjì bá gbé sókè, imú ọkọ̀ á gbé sókè. Bí wọ́n bá wálẹ̀, imú á dorí kọ ilẹ̀. Lára ọkọ̀ kékeré, mọ́tò kan ṣoṣo ló ń ti ewé méjèèjì. Sáfò ni wọ́n ń pè é, kò ju páálí ìṣáná lọ. Ṣùgbọ́n eléyìí ju agbára sáfò kan lọ, nítorí náà bàbá mi fi méjì sí i, kí ewé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó ní bí ọ̀kan bá kú lójú ọ̀run, èkejì á lè gbé e wálé.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé sáfò méjèèjì gbọ́dọ̀ máa ṣe bí ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn nínú ìrù ọkọ̀. Bí o bá fún wọn ní àṣẹ kan náà, ọ̀kan á lọ sókè, ọ̀kan á wá sílẹ̀. Bàbá mi fún kálukú ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú rìmóòtù, ó yí ìṣesí ọ̀kan padà, wọ́n wá ń lọ síbì kan náà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mò ń ka ohun tó wà lójú rìmóòtù fún un. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ṣe é. A kọ́kọ́ rí i pé apá sáfò kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán sí wáyà tó fi ń ti ewé rẹ̀. A wá gbé rúlà tì í. Nígbà tí igi ìdarí tó wà lójú rìmóòtù wà láàárín, ewé méjèèjì tẹ́jú. Nígbà tí a fà á dé òpin, bí ọ̀tún ṣe gbé sókè tó ni òsì náà gbé sókè. Nígbà tí a tì í dé òpin, wọ́n wálẹ̀ bákan náà. Bí ó bá fi ìlà kan péré yàtọ̀ lórí rúlà, bàbá mi á ní ká tú u. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu. Ọwọ́ aṣọ méjì tí kò dọ́gba máa ń lé oorun lójú mi.

Lọ́jọ́ kẹta, ó sọ ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́.

“Bí mo bá gbé eléyìí gbéra, tí mo sì gbé e sọ̀kalẹ̀ láìfọ́, màá máa bá a lọ. Bí mi ò bá lè gbé e sọ̀kalẹ̀, màá kó gbogbo ẹ̀ fún ọkùnrin Mórógbò yẹn, màá sì jókòó sílé.”

Ìlú Mórógbò ni ọkùnrin náà ń gbé, ó sì máa ń fi ọkọ̀ òfurufú ṣeré bíi ti bàbá mi. Ó ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó ta ọ̀kan fún òun. Bàbá mi kò dárúkọ ọwọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òun ló fẹ́ gbé lọ sílé ẹjọ́. Láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, kò sí ohun mìíràn tó ń gbé bàbá mi dìde lórí ibùsùn.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ télọ̀ tiwa tí ọ̀gá mi kò fi ẹnu kọ́ mi, ṣùgbọ́n tí mo kọ́ lára rẹ̀. Bí oníbàárà àtijọ́ bá gbé síkẹ́ẹ̀tì wá pé síìpù rẹ̀ kò ṣe é fà mọ́, a kì í sọ fún un pé ó ti sanra. A ó ní síìpù ni kò dára. A ó tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, a ó mú díẹ̀ lára àyè tí a ti fi pamọ́ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a rán an, a ó tún un rán, a ó wá lọ̀ ọ́ títí ojú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò fi ní hàn mọ́. Obìnrin kan tó ń ṣẹ́ owó ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é fún un. Títí di òní ó gbà pé ìbàdí tí òun gbé wọ ilé ọkọ ni òun ṣì ń gbé kiri. Èmi ni mo mọ iye tó wà lórí téèpù.

Ohun tí mo ṣe fún bàbá mi gan-an nìyẹn. Ojú ìwé ètò kan wà nínú rìmóòtù tí ènìyàn lè fi sọ igi ìdarí di ẹlẹ́rọ̀. Bí ọwọ́ bá mì díẹ̀ láàárín, ìmì náà kò ní dé ìrù ọkọ̀ tán. Àfi bí o bá fà á jìnnà kí ó tó gba gbogbo agbára. Mo rò ó pé ìgbọ̀n ọwọ́ bàbá mi á kú sínú ìrọ̀rùn yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Nígbà tó lọ kírun alaasárì, mo tan rìmóòtù, mo fi ìrọ̀rùn ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Mo gbé rúlà bí a ti ń gbé e. Àárín, ó dọ́gba. Òkè, ó dọ́gba. Ìsàlẹ̀, ó dọ́gba. Mo pa á, mo padà sídìí máṣíìnì mi, inú mi sì ń dùn pé mo gbọ́n.

Láàárọ̀ Sátidé, a gba ọ̀sà kọjá. Ègùn ni ọlọ́kọ̀ tó máa ń gbé wa, òun àti bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, ó sì bá wa gbé ìyẹ́ náà la àárín igi àgbọn kọjá dé etí òkun. Omi ti fà sẹ́yìn, iyanrìn ti le, atẹ́gùn kò tíì dìde. Bàbá mi ki tẹ̀súbáà bọ àpò, ó gbé rìmóòtù kọ́ ọrùn.

Ọkọ̀ náà gbéra dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ yí i sí apá òkun, tó fa igi ìdarí díẹ̀ kí imú má baà wálẹ̀, ìyẹ́ ọ̀tún kọjú sílẹ̀ lójijì. Bàbá mi gbà á mú. Ó tún fà á, ìyẹ́ ọ̀tún tún wọlẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo rí i tó ń gbọ̀n, mo sì sọ nínú ara mi pé ìrọ̀rùn tí mo fi síbẹ̀ ni kò tó. Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn. Bí ó ṣe ń gbé e bọ̀ láti bà, tí kò ju gíga orúnkún lọ mọ́, ó fa igi náà díẹ̀ kí ó lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyẹ́ ọ̀tún gbá iyanrìn, ọkọ̀ náà sì ta kìtì lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹ́ kan já. Ẹsẹ̀ kan fò wọ inú omi.

Èmi sáré lọ. Bàbá mi kò sáré. Nígbà tó dé, ó wò ó tìtì.

“Ọwọ́ mi ni,” ó ní.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá, atẹ́gùn ni o jàre,” ọlọ́kọ̀ fi Yorùbá rẹ̀ tí Ègùn wà nínú rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

“Kò sí atẹ́gùn,” ni bàbá mi wí.

A kó àfọ́kù ọkọ̀ náà padà sílé. Kó tó bọ́ bàtà ló ti pe ọkùnrin Mórógbò lórí fóònù pé kó wá kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó ní kí n di àwọn nǹkan náà. Ara ìrù kò fọ́. Mo fi bátìrì sí i kí n lè mú ewé méjèèjì tẹ́jú kí n tó fi aṣọ wé wọn. Ọwọ́ mi ṣèèṣì fa igi ìdarí díẹ̀, mo sì rí i. Ewé ọ̀tún ti gbé sókè, ewé òsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mira. Mo fà á dé òpin, wọ́n dọ́gba. Mo dá a padà sí àárín, wọ́n dọ́gba. Mo tún fà á díẹ̀, wọn ò dọ́gba. Ọ̀nà àkọ́kọ́, ti ewé òsì, nìkan ni mo rọ̀. Èkejì ń gba àṣẹ ní tààrà láti ara igi ìdarí, bàbá mi ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìrọ̀rùn tí mo fi sí i kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Rúlà kò lè rí i, torí òpin méjèèjì àti ojúkò àárín ni mo gbé rúlà sí. Bí télọ̀ ṣe ń wo aṣọ ni mo wò ó, tí ọrùn àti etí ìsàlẹ̀ bá ti gún, ó ti gún. Gbogbo ibi tó wà láàárín méjèèjì, tó jẹ́ pé níbẹ̀ ni bàbá mi ti ń fò, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ bàbá mi ló já ọkọ̀ náà lulẹ̀. Ọwọ́ mi ni.

Màá sọ òtítọ́, n kò ní pa á dà. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dákẹ́. Mo ní ó ti dàgbà jù láti máa wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà, bó bá sì jókòó sílé, ọkàn mi á balẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ẹwù wọ irọ́ náà, tí mo ń jágbe mọ́ àwọn oníbàárà tí kò ṣẹ̀ mí. Bàbá mi ńkọ́? Kò jáde síta. Ó na ara rẹ̀ sórí ibùsùn bí aláìsàn, ó fi ojú kọ ògiri. Mo gbé oúnjẹ wọlé, mo gbé e jáde.

Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, mo gbé ìrù ọkọ̀ náà àti rìmóòtù wọ yàrá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo nǹkan kan.”

Ó dìde jókòó. Mo fa igi náà díẹ̀díẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì mú ọwọ́ rẹ̀ kó fi ìka kan ewé méjèèjì, torí ojú rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lára.

“Ta ló fọwọ́ kàn án?”

“Èmi ni, sà. Nígbà tí ẹ lọ kírun. Mo rọ igi ìdarí, n ò mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni mo rọ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ já a lulẹ̀. Èmi ni.”

“Kí ló dé tí o fi rọ̀ ọ́?”

Mo ti múra irọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún ìbéèrè yìí. N ò rí ọ̀kankan nínú wọn mú.

“Torí ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n ni, sà.”

Ojú mi wà nílẹ̀. Mo ń dúró de ìbínú, ìbínú tí mo jogún lára rẹ̀. Mo gbọ́ mọ́tò tó dúró níwájú ilé, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin Mórógbò tó ń kí àwọn ará àdúgbò. Bàbá mi kò gbọ́ tirẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orúnkún rẹ̀, kò fi nǹkan kan bò ó, ó sì jẹ́ kó máa gbọ̀n níwájú mi. Àwa méjèèjì ń wò ó.

“Èló lo fi sí i?” ó bi mí.

“Ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, sà.”

Ó tún fi ìka kan ewé méjèèjì.

“Ọgbọ̀n kéré,” ó ní. “Sọ ọ́ di ogójì. Kí o sì fi sí méjèèjì.”