Kẹ́ẹ̀gì Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Òṣogbo, bàbá mi sọ pé olè ni ẹnikẹ́ni tó bá tọ̀ síta. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Owó oṣù wọn ò wọlé mọ́, ajílẹ̀ alápò sì ti gbówó lórí. Àgbàdo ẹ̀yìnkùlé la gbójú lé. Bí kò bá yọmọ, ebi máa pa wá nìyẹn.

Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, wọ́n ní inú rẹ̀ ni kí gbogbo wa máa tọ̀ sí. Màmá mi fi ìbòrí bo imú.

“Bàbá Dúpẹ́, ṣé ìtọ̀ lẹ fẹ́ fi bọ́ àwọn ọmọ mi?”

“Ta ló ń ra ajílẹ̀ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ ìyá mi ní Ìfẹ̀wàrà? O sì ń jẹ ẹ́, o tún ń lá ọwọ́!”

“Ẹ má da nǹkan kan sí ìlà àgbàdo mi tó wà lábẹ́ máńgòrò o. Èmi àti Ọlọ́run mi la máa bọ́ ọ.”

Nírọ̀lẹ́, èmi àti Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, a máa po ìtọ̀ náà mọ́ omi, a máa dà á sídìí àgbàdo, a máa wa yẹ̀pẹ̀ bò ó. Nǹkan náà ń rùn débi pé ewúrẹ́ àdúgbò kì í yà síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Dúpẹ́ tọ̀ ní iléèwé kí wọ́n tó ṣíwọ́, bàbá fi í sórí ìkúnlẹ̀: “O lọ fi oúnjẹ wa ta iléèwé lọ́rẹ!” Àlejò pàápàá ò ríbi sá, bàbá á ní: “Ẹ ti mu omi wa. Kí ẹ tó máa lọ, ẹ dá a padà.”

Nígbà tí àgbàdo yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, tiwa dúdú minimini. Ti màmá pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Síbẹ̀, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ìtọ̀ nìkan ló ṣe é: ìbòòji máńgòrò wà lórí ìlà màmá, òjò náà sì rọ̀ dáadáa. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé a sè é, a sun ún, a fi ṣe ẹ̀kọ, títí owó oṣù fi dé. Màmá ló kọ́kọ́ lọ ya òmíràn lára tiwa.

“Ó dùn o,” ni wọ́n wí. “Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀.”

Lónìí, mo ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, mo háyà yàrá kan ní Iléṣà. Ọkọ̀ ló ń gbé àgbàdo tí mò ń jẹ wá, ajílẹ̀ alápò ló tọ́ ọ dàgbà. Tí owó epo bá ti lọ sókè, owó àgbàdo náà á lọ sókè. Láràárọ̀, èmi tí mo kàwé máa ń fi omi tí mo fowó rà ṣan ajílẹ̀ ara mi dànù ní balùwẹ̀, màá wá wọ bàtà, màá lọ wá oúnjẹ rà.