Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Kó Wá Gba Ìtúsílẹ̀ ní Kámpù Kọ̀mpútà

Nígbà tí bọ́ọ̀sì tó kó àwọn ọmọ wá láti apá Ọ̀tùn dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkọ̀lé, ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ gbé gálọ́ọ̀nù omi àdúrà lọ́wọ́. Ẹnì kejì mú ìgò òróró dání. Ẹnì kẹta wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, bàbá rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí bí ẹni tó mú ewúrẹ́ tó ti já okùn rí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń rẹ́rìn-ín ẹ káàbọ̀, ṣùgbọ́n ara ti ń fu mí.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama. Láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa, tí ènìyàn ní láti gun orí àpáta kó tó lè gbọ́ ohùn ẹni tó ń pè é láti Èkó, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ agbègbè wa tó ń gbé l'Èkó àti lókè òkun ní kí n bá àwọn bójú tó ètò kan. Lásìkò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, wọn yóò háyà kọ̀mpútà láti Adó, wọn yóò gba olùkọ́, wọn yóò pèsè oúnjẹ àti ibùsùn, kí àwọn ọmọ tí apá òbí wọn ò ká irú rẹ̀ lè wá fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Sikọ́láṣíìpù ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ tèmi ni láti wá àwọn ọmọ náà rí. Mo rò pé kò sí iṣẹ́ tó rọrùn tó o láyé. Ta ni wọn yóò fi nǹkan ọ̀fẹ́ lọ̀ fún ọmọ rẹ̀ tí yóò kọ̀?

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó kọ̀. Mo gun ọ̀kadà kiri abúlé, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà lé àwọn káátíkíìsì àti pásítọ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n bá mi kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi: kámpù ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ní Ìkọ̀lé, wọn yóò kọ́ wọn ní kọ̀mpútà, kí wọ́n mú aṣọ ìsùn àti abọ́ ìjẹun dání. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa yóò mọ̀ pé tí "kámpù" bá ti wọ etí àwọn ènìyàn wa, etí ti kún nìyẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ò ráyè wọlé mọ́. Kámpù ni ibi tí à ń lọ tí ọ̀rọ̀ bá ti ju agbára ilé lọ. Ibẹ̀ la ti ń gbààwẹ̀, ibẹ̀ la ti ń gba ìtúsílẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí padà délé, tí wọ́n wo àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó mọ̀wé jù kọ́ ni wọ́n mú. Èyí tó ń yọ wọ́n lẹ́nu jù ni.

Ẹnu bàbá tó di ọwọ́ ọmọ mú yẹn ni mo ti gbọ́ òdodo ọ̀rọ̀. Bàbá Bọ́lá là ń pè é, àgbẹ̀ kòkó, alàgbà nínú ìjọ wọn. Bọ́láńlé ni ọmọ náà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Mo bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí ọmọ yìí fẹ́ràn láti máa ṣe. Ó mí kanlẹ̀.

"Tíṣà, ùbéèrè ni," ó wí. "Nínú ulé, lóko, níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lé e lọ lára rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù yìí kì í ṣe àsọdùn. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù wá gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, bí ó ṣe kan Bọ́láńlé, ó gbójú sókè, ó bi bíṣọ́ọ̀bù náà pé kí ló dé tí fìlà wọn fi là sí méjì lókè, ṣé òjò kì í rọ̀ sí i. Bàbá Bọ́lá ní láti ọjọ́ náà ni òun ò ti lè jókòó síwájú mọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo bi àwọn yòókù. Ìdòwú, tó gbé gálọ́ọ̀nù, oorun ló ń bá a jà. Ó ń sùn ní kíláàsì, ó ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ sì ti bá a lórí igi kòkó rí, ó gbá ẹ̀ka mọ́ra, ó ń hanrun. Sámúẹ́lì, olóròóró, ẹ̀rín ni tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú bàbá àgbà ara rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e jáde. Báyìí ni gbogbo wọn rí, kò sí ẹyọ ọ̀kan tí wọ́n mú wá nítorí pé ó mọ ìṣirò.

Mo kó àwọn òbí jọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì là á yé wọn pé kò sí wòlíì níbí, kò sí ààwẹ̀, pé ẹ̀rọ kan là ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìyá Ìdòwú bèèrè bóyá ẹ̀rọ náà máa ń jí ènìyàn. Ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò kó ọmọ wọn padà, kámpù yóò sì ṣófo, nítorí alága ẹgbẹ́ l'Èkó ti ránṣẹ́ sí mi pé òun yóò wá fojú ara òun rí àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ ìparí, àti pé tí òun ò bá rí ọmọ tó jáfáfá, ìlú mìíràn wà tó ń fẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Bàbá Bọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn ọmọ yóò lò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni ò ní bi mí pé 'kí ló dé'," ó wí jẹ́ẹ́. "Ìyanu nìyẹn náà." Ó sì jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ.

Olùkọ́ tí a gbà, Ọ̀gbẹ́ni Túnjí, ọmọ Ìbàdàn ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ó de táì wá lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọmọ ti ṣe ìsìn òwúrọ̀ lórí àwọn kọ̀mpútà, Sámúẹ́lì sì ti ta òróró sórí àtẹ bọ́tìnnì, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà, kí ọpọlọ wọn baà lè là. Nígbà tí Túnjí tẹ lẹ́tà kan, mẹ́ta rì sílẹ̀ pọ̀, wọn ò sì gòkè mọ́. Odidi òwúrọ̀ la fi fi òwú nù ún. Sámúẹ́lì fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rín ló jáde.

Lẹ́yìn èyí ni Bọ́láńlé gbé ẹnu lé e. Ó bèèrè ìdí tí lẹ́tà ò fi tò bí a ṣe ń ka Á, Bí, Dí. Túnjí ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ọmọ náà ní àwọn wo ni wọ́n. Túnjí ní àwọn òyìnbó. Bọ́láńlé ní ṣé àwọn òyìnbó ò mọ Á, Bí, Dí ni. Ní ọjọ́ kejì, Túnjí ò de táì mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá bá mi pé òun fẹ́ gba ọkọ̀ lọ sí Adó lọ wá ìwé kà, nítorí ọmọ yìí yóò tú àṣírí òun.

Ìdòwú ní tirẹ̀ sùn. Ó gbé iwájú orí lé àtẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà kan ṣoṣo sì ń tú jáde lójú kọ̀mpútà bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì, ojú ewé lé ojú ewé. Túnjí wò ó, ó ní títí di àsìkò yẹn, Ìdòwú ló kọ̀wé jù ní kíláàsì. Mo fa ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ, mo bi í ìgbà tó máa ń jí nílé. Ó ní kí àkùkọ tó kọ ni, òun yóò pọn omi, òun yóò dé oko kí òun tó lọ síléèwé. Mo sọ fún Túnjí pé kí ó fi í sílẹ̀ kó sùn. Ìdòwú sì sùn, ó sùn títí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní fi parí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó jí, ó wojú gbogbo wa bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé, ó ní kí wọ́n fi kọ̀mpútà han òun. Oorun náà ò padà wá mọ́. Kò sí ẹ̀mí kankan ńbẹ̀, ó ti rẹ ọmọ náà ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ti kọ ìtàn abúlé wọn sínú kọ̀mpútà, iná lọ wáú, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sì pòórá. Wọ́n bú sẹ́kún. Bọ́láńlé nìkan ni kò sunkún. Ó tẹjú mọ́ ojú kọ̀mpútà tó ṣókùnkùn, ó ní, "Níbo ló lọ?" Ìbéèrè yìí gan-an ni Túnjí ti ń retí láti ọjọ́ tó ti dé, nítorí ó mọ èsì rẹ̀. Ó jókòó láàárín wọn, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́ sínú ẹ̀rọ kí iná tó lọ. Mo ti jẹ́ olùkọ́ fún ìgbà pípẹ́, n ò tíì rí kíláàsì tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìparí dé. Alága wa láti Èkó, ẹnjiníà, ọmọ Ọ̀tùn, ó wọ agbádá tó gba àga méjì. Àwọn òbí jókòó lẹ́yìn. Ìdòwú fi bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà hàn láìsùn, ìyá rẹ̀ sì ń nu ojú. Alága sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn, Sámúẹ́lì ki aṣọ rẹ̀ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. Nígbẹ̀yìn, alága béèrè, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ńlá ṣe máa ń béèrè láìretí èsì, bóyá ẹnì kan ní ìbéèrè.

Ọwọ́ Bọ́láńlé ti wà lókè. Mo gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Èmi náà ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ó dìde.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, tí ọkọ̀ Adó bá wá kó àwọn kọ̀mpútà yìí lọ lónìí, kí ni ọwọ́ wa yóò máa fi rántí ohun tó ti mọ̀?"

Alága ní ìbéèrè dáadáa ni, pé ẹgbẹ́ yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìgbà wo ni, sà?"

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó bí ọmọ yìí. Bàbá Bọ́lá dìde, ó ṣí fìlà. Ó ní kí wọ́n dákun má bínú, pé àìsàn tí òun torí rẹ̀ gbé e wá nìyẹn, pé bóyá àsìkò ló kéré, kò tíì lọ tán. Alága wò ó, ó wo ọmọ. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nínú agbádá lọ́hùn-ún kó tó dé ẹnu. Sámúẹ́lì rí i pé àgbà ń rẹ́rìn-ín, ó jọ̀wọ́ tirẹ̀, gbogbo gbọ̀ngán sì gbà á.

"Ẹ má wò ó sàn o," alága wí nígbà tó rí ohùn lò. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó ti bá onílé-iṣẹ́ Adó tó wá kó kọ̀mpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi kọ̀mpútà méjì sílẹ̀ fún wa. Bọ́láńlé tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bi í nípa jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ẹ́ ṣú, Bàbá Bọ́lá wá bá mi.

"Tíṣà, ẹ ò wò ó sàn."

"A ò wò ó sàn, sà."

Ó ní ṣé àyè yóò wà fún àbúrò Bọ́láńlé lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní ìyẹn kì í sọ̀rọ̀ rárá.

Bọ́láńlé ti kàwé jáde báyìí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò sínú kọ̀mpútà ló wà l'Èkó; tí àwọn yòókù bá ṣe iṣẹ́ tán, òun ni yóò máa da ìbéèrè bò ó títí yóò fi rí ibi tí kò dára. Bàbá rẹ̀ ò yéé sọ ọ́ fún ará abúlé pé ìyàlẹ́nu ni, pé wọ́n gba ọmọ òun síṣẹ́ kó máa yọ ènìyàn lẹ́nu.

Èmi ò wá ọmọ tó gba ipò kìn-ín-ní mọ́ láti ọdún yẹn. Tí mo bá dé abúlé, mo máa ń bi àwọn ìyá pé, "Èwo ló ń dá yín lágara?" Nígbà tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, ohun kan ṣoṣo tí mo kọ́ Fúnkẹ́, ọmọbìnrin tó gba ipò mi, nìyẹn. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó dán an wò ní abúlé kan lọ́nà Igbole, ó sì pè mí láti ibẹ̀, ariwo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kan.

Ó ní, "Mà, gbogbo wọn ló ní tàwọn ló le jù. Wọ́n ti kó wọn dé. Ibùsùn wa ò lè gbà wọ́n."

Mo ní kó wá ẹní sí i.