Àdúrà Tí Kò Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Wa Padà Sẹ́yìn

Mo rántí ìgbà tí bàbá ọkọ mi gbàdúrà sórí ilé onítáyà kan níwájú ilé wa ní Dagenham, ní London, tí gbogbo wa sì ṣe Àmín láìronú. Ìyá ọkọ mi ló sọ ọkọ̀ náà ní ilé onítáyà, nítorí ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní sítóòfù, ó sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ju àpótí aṣọ lọ. A háyà rẹ̀ nítorí Bàbá ní òun kò lè sùn sórí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì tí òun kò mọ ẹni tó sùn síbẹ̀ kẹ́yìn. Kò bèèrè ẹni tó sùn sí tinú ọkọ̀ náà kẹ́yìn, èmi náà kò sì rán an létí.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó jẹ́ dókítà, ló bímọ sí àríwá Scotland lọ́hùn-ún, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ òyìnbó ń gbé. Bàbá ti ní orúkọ ọmọ náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ kì í gba orí fóònù wọlé. Òun fúnra òun ni yóò pè é sí ọmọ létí, ní ọjọ́ kẹjọ, kí oòrùn tó wọ̀. Bí a ò bá débẹ̀, ìyá ọkọ òyìnbó náà ti ní orúkọ tirẹ̀ nílẹ̀, orúkọ tí Bàbá ní òun ti gbọ́ tí wọ́n fi ń pe ajá kan ní Heathway, ládùúgbò wa. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tiwa ní táyà mẹ́rin.

Ọkọ mi kò rí àyè gbà níbi iṣẹ́, nítorí náà èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ní Barking ni wọ́n gbé ọkọ̀ lé lọ́wọ́, kí n fi gbé Bàbá àti Ìyá lọ. Àdúrà Bàbá kò gùn. Ó ní ọkọ̀ yìí kò ní padà sẹ́yìn, láti ibi tó dúró sí títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ òun, iwájú, iwájú ni. Àmín wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jí gbogbo àdúgbò.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ kẹjọ ọmọ gan-an, a bọ́ sí ojú ọ̀nà kan tí kò gbà ju ọkọ̀ kan lọ. Kò sí ilé, kò sí igi, nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Òkè àti koríko ni, àti àgùntàn tí ń wò wá bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú. Wọ́n yọ àyè kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbì kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ọn jù fi ẹ̀yìn wọ inú rẹ̀, kí èkejì lè kọjá. Bàbá ti wọ sùtánà funfun rẹ̀ láti àárọ̀, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọ wa, kó lè bọ́ sílẹ̀ tààrà sídìí ọmọ.

Níbi tí ọ̀nà ti yí la ti pàdé bàbá àgbẹ̀ òyìnbó kan, tó fi jíìpù fa tírélà tó kún fún àgbò. Àyè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá kò jìnnà sí ẹ̀yìn wa. Tirẹ̀ jìnnà, kòtò sì wà lápá méjèèjì. Ọmọdé mọ ẹni tó yẹ kó padà. Mo di jíà mú.

"Ìyàwó wa," ni Bàbá wí, "ṣé o ṣe Àmín lánàá àbí o ò ṣe?"

"Mo ṣe é, sà."

"Good. Má fi sí reverse."

Èmi tí mo máa ń fi ẹ̀yìn wọ gbogbo kọ́nà Eastbury ní Barking láìkan dígí ẹnikẹ́ni, mo ká ọwọ́ lẹ́rán. Ìyàwó ilé kì í bá bàbá ọkọ jiyàn, ká má tíì sọ ti Àmín tó ti jáde lẹ́nu ẹni. Inú bí mi gan-an. Mo ń ro ọmọ tó ń retí wa, mo ń ro orúkọ ajá.

Bàbá àgbẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó sọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí èmi, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti lò ní London, kò rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀. Ìyá fi Ìjẹ̀bú dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì ń mi orí síra wọn bí ará ilé kan náà. Ìyá gbé mọ́ínmọ́ín lé e lọ́wọ́, ó sì ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Bàbá ní tirẹ̀ bọ́ sí àárín ọ̀nà, ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà tútù, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń pàṣẹ fún jíìpù pé kó padà sẹ́yìn. Nígbà tí àgbẹ̀ náà rí aṣọ funfun àti ọwọ́ lókè, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba. Ó jọ pé ó rò pé òkú la fẹ́ lọ sin. Bàbá ní ẹ ò rí i, àdúrà ti ń gbà. Jíìpù kò sún.

Ó ṣe díẹ̀, nǹkan dún gbì nínú tírélà. Àgbò ńlá kan fà sẹ́yìn, ó sáré wá, ó fi orí kan ilẹ̀kùn irin. Ó tún fà sẹ́yìn. Gbì. Bàbá dákẹ́ àdúrà.

"Bàbá, kí ni àgbò yẹn ń ṣe?" Ìyá bèèrè, jẹ́jẹ́.

"Ó ń tàdí mẹ́yìn."

"Kí ló lọ mú wá?"

Ta ni Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n? Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Bàbá ti fi òwe náà wàásù títí mo fi mọ ìwàásù ọ̀hún lórí. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí òtútù ti mú le, ó gun ọkọ̀, ó de bẹ́líìtì.

"Ìyàwó wa," ó ní, "lọ gba agbára wá."

Mo gba agbára. Ọkọ̀ náà ń dún píìp, píìp, bí ọkọ̀ ńlá ti í ṣe tó bá ń lọ sẹ́yìn, Bàbá sì bú sórin ìyìn kí etí rẹ̀ má bàa gbọ́ ọ. Àgbẹ̀ náà kọjá, ó juwọ́ sí wa, mọ́ínmọ́ín lẹ́nu. Kí a tó dé, a tún gba agbára títí n kò kà á mọ́, orin kò sì tán lẹ́nu Bàbá.

Ìrọ̀lẹ́ ti lọ jìnnà nígbà tí a dé, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì wà lókè, nítorí oòrùn ibẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ lọ sílé nígbà ooru. Bàbá ní Ọlọ́run ló dá a dúró de òun. Ìyá ọkọ dókítà wa ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n fi orúkọ tirẹ̀ ṣe orúkọ àárín. Nígbà tí Bàbá gbé ọmọ náà, tó pe orúkọ sí i létí, omi bọ́ lójú rẹ̀, èmi tí mo ti ń bínú látàárọ̀ sì sunkún jù ú lọ.

Bàbá ti lọ sinmi báyìí. Láti ìgbà ìrìn àjò yẹn títí tó fi kú, ó máa ń fi gbólóhùn kan kún àdúrà rẹ̀, àwọn tó kọ́ àdúrà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí síbí gbàdúrà ní ìjọ wa, ó ń fi ẹnu London pe Yorùbá: "A ò ní padà sẹ́yìn o, àfi bíi ti àgbò." Gbogbo ìjọ ṣe Àmín, ẹnìkan ò bèèrè ìtumọ̀. Ìyá di ọwọ́ mi mú, àwa méjèèjì sì ṣe tiwa lẹ́yìn gbogbo ìjọ.